Ìkúnlẹ̀ Tí Ẹ Ní Kí N Fi Pamọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, awakọ̀ orí yìnyín,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, nítorí ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sọ. Mo ti lọ́kọ. Wọ́n so yìgì wa ní mọ́ṣáláṣí ní Lanham lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò yín ló dúró bíi walíì mi, ẹni tó fi mí fọ́kọ, ó wọ agbádá yín aláwọ̀ ewé, agbádá náà sì tóbi jù ú lọ débi pé ṣe ló ń ká apá rẹ̀ sókè ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó fẹ́ fọ àwo. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Màámi ní kí n ṣe jẹ́jẹ́, pé tìróò mi ti ń ṣàn dé àgbọ̀n.

Ìròyìn kejì nìyí, bóyá òun gan-an ló yẹ kó ṣáájú: wọ́n ti ń sanwó fún mi báyìí láti máa ṣọ́ ojú gólì. Kì í ṣe owó ọkọ̀, kì í ṣe ẹ ṣeun lásán. Owó iṣẹ́. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀pá gbá họ́kì orí yìnyín ní ìlú ńlá kan lápá àríwá wa. Orúkọ yín ló wà lẹ́yìn aṣọ mi, Bàbá mi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, wọn ò sì ṣì í kọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan ló mú mi gbé bírò. Màámi ló rán mi sí yín. Wọ́n ní kí n bá àwọn tọrọ àforíjì, pé àwọn ti tú àṣírí eékún mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí i pé wọn ò jẹ̀bi.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn? Ọkọ̀ tó ń tẹ ọ̀dà títì mọ́lẹ̀ lẹ ń wà nílé, nígbà tí a dé ìlú òyìnbó níbí wọ́n fún yín ní ọkọ̀ tó ń da omi gbígbóná sórí yìnyín kó lè dán. Ẹ ní ìkan náà ni, pé kí nǹkan sáà ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń fẹ́. Màámi ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ tiwọn, kò sẹ́ni tó máa wà nílé tí mo bá ti ilé ìwé dé, lẹ bá ń mú mi lọ síbi iṣẹ́. Inú kóòtù òtútù yín ni mo máa ń wà lórí bẹ́ǹṣì, tí mò ń wo ọkọ̀ yín bó ṣe ń yí po, tí omi ń kọ mànà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti kọjá níwájú mi, ẹ máa ń na ìka kan sókè láti orí sítíárì. Ìka kan péré. Títí di òní, níbikíbi tí ọkọ̀ yìnyín bá ti jáde, mo ṣì ń wá ìka yẹn.

Orógbó kì í sì í tán lápò yín, ẹ ní òun ló ń lé òtútù. Lọ́jọ́ kan ẹ fún kóòṣì àwọn ọmọbìnrin kékeré jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ tán nítorí ọ̀wọ̀.

Kóòṣì yẹn náà ló ń wá ẹni tó máa dúró sójú ilé lọ́jọ́ tí gólì wọn ò wá. Ẹ fi ẹnu júwe mi. Ẹ ní nílé wa, ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni wọ́n máa ń fi ṣe gólì. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni mo tíì wọ bàtà onírin yẹn. Wọ́n di tìmùtìmù mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n fi akoto bò mí lójú, mi ò lè sáré, mi ò lè yí. Nígbà tí ọmọ kan wá ń fi ọ̀pá ti rọ́bà dúdú róbótó yẹn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rù bà mí, mo ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe níwájú ẹni tí mò ń bẹ̀rù. Mo kúnlẹ̀. Eékún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀yin àti Màámi ṣe kọ́ mi, kì í ṣe ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Rọ́bà náà ba ẹsẹ̀ mi, ó padà.

Wọ́n ṣì gbá púpọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n kóòṣì tọ̀ yín wá, ó ní ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìkúnlẹ̀ tí àwọn gólì orí yìnyín fi ń dí ilé. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yẹn ti gbà pé Màámi ti ṣe gólì rí. Ó máa ń ṣí fìlà fún wọn, á máa béèrè èrò wọn nípa eré, Màámi á ní, "Yẹ́ẹ̀sì, tànkíù," wọ́n á sì máa wá ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń jáde kí wọ́n lè jókòó sí. Ẹ ò tún un ṣe fún un títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọmọbìnrin kan ṣubú lé eékún mi. Ẹ mọ ìyókù. Wọ́n là á, wọ́n rán an. Yunifásítì tó ti ní kí n máa bọ̀ wá ṣe gólì fún wọn kò gbé fóònù mọ́, nígbà tí wọ́n sì máa gbé e, wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Dókítà ní mo lè padà sórí yìnyín, pé tìmùtìmù àwọn gólì nípọn lábẹ́ eékún, ṣùgbọ́n kí n yéé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, nítorí ohun tó ń jẹ kúrò nínú eékún náà kì í hù padà.

Inú ọkọ̀ lẹ ti sọ̀rọ̀, níbi tí iná pupa ti dá wa dúró. Ẹ ò wo ojú mi. "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Fi ìkúnlẹ̀ ẹ pamọ́ fún yìnyín."

Mo ní, "Bàbá mi, kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Wọ́n á ní mi ò kọ́ ẹ. Kí wọ́n máa sọ ọ́."

"Ká kúkú sọ fún wọn pé eékún ń dùn mí ńkọ́?"

"Ọmọ tí ò níwà, wọ́n á ní tó bá dàgbà á yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí eékún ẹ̀ ti bàjẹ́, ta ló máa wá fẹ́ ẹ? Ká pa á mọ́ láàárín àwa mẹ́ta." Iná yí padà, ọkọ̀ ẹ̀yìn wa fun fèrè, ẹ sì wa ọkọ̀ lọ.

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ tí kì í kúnlẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, orí àga ni mo ti ń kírun láàárín àwọn ìyá àgbà, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Ìwọ, ọmọ mélòó lo ti bí tí o fi wá bá wa níbí?" Mo máa ń tẹrí ba fún àgbà, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ wọn, àmọ́ mi ò kúnlẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Riverdale Park, bàbá kan báyìí tó máa ń de fìlà pupa sọ fún yín, kò tilẹ̀ rọra sọ ọ́, pé, "Alhaji, ọmọ yín ti di òyìnbó pátápátá." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní òtútù ló gan mí lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí yín tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ẹni tí kò ju ẹgbẹ́ yín lọ, gbalaja, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn yín, ẹ sì pẹ́ nílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé tèmi lẹ ń fi kún tiyín. Ṣé ó dùn yín, Bàbá mi? Ṣé ẹ máa ń rò ó tí ẹ bá dá wà lórí ọkọ̀ yẹn, tí ẹ ń yí po, tí ẹ ń yí po? Ẹ ò sọ ọ́ rí.

Nígbà tí ilé ìwé parí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì Route 1. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo ń ṣe gólì fún àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn máa ń ṣáájú wọn débi eré, mo sì ń lọ fún ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó. Níbi ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n lọ fún ìkejì gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ. Mi ò lọ ibì kankan. Mo gbé àpò họ́kì mi sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé, mo kó aṣọ tí a ò wọ̀ mọ́ lé e lórí.

Màámi, tí wọn ò fẹ́ràn òtútù rí, ni wọ́n wọ́ àpò náà gòkè wá lọ́jọ́ kan, tí wọ́n gbé e dábùú ẹnu ọ̀nà tí mi ò fi lè ráyè jáde lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ti jẹ ẹ̀gàn jù lórí eékún yìí, kì í ṣe kó o wá fi dúró ti àpótí owó. Gbé e."

Mo gbé e. Wọn ò tún gbà mí níbi ìdánwò tí mo lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní mo lè máa wá dúró kí àwọn eléré wọn máa fi mí dánra wò. Bí ògiri ni mo rí lójú wọn. Mo ṣe ògiri fún odindi sáà kan, mò ń sùn lórí àga gígùn nílé ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tó yá, àìsàn dá gólì wọn àkọ́kọ́ wólẹ̀, ìkejì fi ìka ṣẹ́, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, ògiri nìkan ló kù. Mo wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, mo ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kí n tó lọ, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ìwé iṣẹ́ ni wọ́n tì sí iwájú mi. Mo béèrè bóyá èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ ò mọ Mùbáràkù ọkọ mi, àmọ́ òun mọ̀ yín díẹ̀. Òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń mú yìnyín tutù ṣe ní pápá tí ẹ ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń dánra wò tí mo bá wálé. Àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ti sọ fún un pé tí òtútù bá mú un kó jẹ orógbó, pé bàbá kan ló kọ́ àwọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, orógbó ló nà sí mi. Kí ni ǹ bá tún máa rò?

Ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ò yé. Alhaja, ọmọ Ìsẹ́yìn, Seat Pleasant ni wọ́n ń gbé, obìnrin tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wúkọ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo tẹrí ba, mo kí wọn, mo nàró. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wá kọjú sí Mùbáràkù: "Ìyàwó lo ní o ń mú bọ̀. Ọlọ́pàá ni mo rí yìí."

Wọn ò kọ̀ mí, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ yìgì, lójú gbogbo èèyàn, mo máa kúnlẹ̀ níwájú àwọn kí àwọn tó gbàdúrà lé mi lórí. Tí mi ò bá lè kúnlẹ̀, kí Mùbáràkù lọ wá ìyá mìíràn tó máa gbàdúrà. Mùbáràkù mọ̀ nípa eékún mi, ó ní kí òun sọ fún wọn. Mo ní rárá, mo ti ṣèlérí fún Bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tọ́jú ara wa nínú ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé eékún náà ti ń wú lẹ́yìn eré, pé tó bá burú jù báyìí lọ, wọ́n á wá gólì mìíràn. Bàbá mi, gbogbo ọdún tí a fi wá iṣẹ́ yìí, orí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí yẹn ló fẹ́ parí sí. Síbẹ̀ mo pinnu pé mo máa kúnlẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ wọn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Mùbáràkù kó ìyá rẹ̀ àti Màámi sọ́kọ̀ pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ mi. Alhaja gbé kúlà oúnjẹ dání, wọ́n tún gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mi ò sí níbi tí wọ́n jókòó sí, àmọ́ Màámi ti rò ó fún mi títí tó fi dà bíi pé mo wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ tí Alhaja ti ń wò mí bí mo ṣe ń kúnlẹ̀, tí mò ń dìde, tí mo tún ń kúnlẹ̀, kí wọ́n tó fi ìgúnpá gún Màámi.

"Ìyá ìyàwó, ta ló ń kúnlẹ̀ fún?"

Màámi ní, "Kò kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan, Alhaja. Iṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Ó tún ti kúnlẹ̀. Ẹ wò ó. Ọmọ kékeré tó ń sáré bọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo bí ọkọ ẹ̀, ó nàró sí mi bí òpó iná."

Màámi ní ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa àwọn, pé àárín ẹ̀rín náà ni ẹkún ti bọ́ sí i, bí ẹnu àwọn ṣe ṣí nìyẹn. Wọ́n sọ ti iṣẹ́ abẹ, wọ́n sọ ti iná pupa, ti àga tí mo fi ń kírun, ti bàbá onífìlà pupa, àti bí ẹ ṣe dọ̀bálẹ̀ tí ẹ pẹ́ nílẹ̀.

Àwọn èèyàn ń pariwo yí wọn ká, Alhaja ò gbójú sókè. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni pé bàbá ẹ̀ gba èébú yẹn sára títí ó fi kú?"

"Títí ó fi kú."

Wọ́n ṣí kúlà, wọ́n yọ ẹran tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n fi lé Màámi lọ́wọ́. "Ẹ jẹun. Ẹ má sì sọ fún un pé mo ti mọ̀."

A pàdánù eré náà. Nígbà tí mo jáde wá bá wọn, mo tẹrí ba, Alhaja ò wí ju pé ibẹ̀ tutù lọ. Mo rò ó lọ́kàn pé ó ti tán fún mi.

Lọ́jọ́ yìgì, mo ti gé fóòmù láti ara tìmùtìmù mi àtijọ́, èyí tí ẹ rà fún mi, mo fi okùn dì í mọ́ eékún lábẹ́ aṣọ ìyàwó. Mi ò ronú pé okùn lè tú. Nígbà tí Àlùfáà parí, tí wọ́n ní kí ìyàwó lọ gba àdúrà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, fóòmù náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo wá ń rìn bí ẹni tó gbé búrẹ́dì pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá àgbà orí àga na ọrùn. Mo dúró níwájú Alhaja, mo rántí yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eékún.

"Dúró níbẹ̀."

Alhaja ni. Mo dúró ní ìdajì ìkúnlẹ̀.

"Ẹ gbé àga wá fún ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá onífìlà pupa ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Alhaja, ìyàwó kì í jókòó gba àdúrà o."

Alhaja ò tilẹ̀ yíjú sí i. "Ìyàwó tiyín ló ń kúnlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tèmi, wọ́n ń sanwó fún un kó tó kúnlẹ̀. Ṣé ẹ ní owó ẹ̀ lọ́wọ́ ni, Bàbá?"

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀, Àlùfáà gan-an fi apá agbádá bo ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà dìde, ó ti àga tirẹ̀ wá, ó ní àga náà ló kúkú ti mọ́ mi lára jù. Bí mo ṣe jókòó báyìí, fóòmù já bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Alhaja wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú un, wọ́n fi há abíyá bíi pápọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ẹ̀yin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá mi, kí wọ́n tó dárúkọ ọkọ, kí wọ́n tó dárúkọ ọmọ. Wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run kẹ́ bàbá tó kọ́ ọmọ yìí."

Bàbá tó kọ́ mi. Gbogbo wọn ló ṣe àmín. Mo gbọ́ ohùn onífìlà pupa níbẹ̀, ó sì gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Màámi. Ìgbà tí wọ́n tú àṣírí náà ni orúkọ yín padà sí ipò rẹ̀. Ní báyìí Alhaja ń pè mí láràárọ̀, "Eékún ńkọ́?" Wọn kì í béèrè ọmọ tiwọn. Wọ́n ti fi òrí ránṣẹ́ kí n máa fi pa á, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo inú ilé, Mùbáràkù ní òun ò lè jiyàn.

Ó ku ohun kan. Láti ọjọ́ iná pupa yẹn títí ẹ fi lọ, ìdúró ni mo fi ń kí yín, nítorí ẹ ní bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ràn. Àmọ́ ìyàwó tuntun ni mí báyìí, ìyàwó kì í sì í kúrò nílé bàbá rẹ̀ láì gba àdúrà bó ṣe yẹ. Mo ti to ìrọ̀rí lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fóòmù ọjọ́ yẹn ló wà lókè pátápátá, Alhaja ti rán aṣọ bò ó fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé ìwé lé. Láti ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti wà níbẹ̀, eékún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì dùn mí rárá. Ẹ tètè gbàdúrà kí n lè dìde, nítorí a ní eré lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni, lórí ìkúnlẹ̀,
ọmọ tí ẹ kọ́.